Kákítọ́ọ̀sì kékeré aláìlẹ́gùn-ún yìí: ẹbí gbúre ni àbí ẹbí ẹ̀gẹ́?

Ọmọ_Ìjàpọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ohun tó wà nínú àwòrán méjèèjì yìí. Ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ní Alágbàká ni mo ti rà á. Ó ní kákítọ́ọ̀sì ni, pé aginjù Dubai ni wọ́n ti kó o wá, pé kì í mu omi láyé, kí n ṣáà gbé e ka orí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ má bi mí ní iye tó gbà lọ́wọ́ mi.

Roboto ni, ó sì fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ. Kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo ka ìhà rẹ̀, mẹ́jọ ni. Kò sí ẹ̀gún kan ṣoṣo lára rẹ̀, ohun tó sì ń dà mí láàmú gan-an nìyẹn, torí kákítọ́ọ̀sì tí mo mọ̀, ẹ̀gún ló fi ń kí èèyàn. Àmì funfun wẹ́wẹ́ wà káàkiri ara rẹ̀. Bọ̀dá kan níbi iṣẹ́ wa ní oró ni, igi olóje tí wọ́n máa ń gbìn yí ọgbà ká, pé kí n tètè gbé e jù nù kí oje rẹ̀ má lọ ta sí ọmọ lójú. Èwo ni kí n gbà?

Àgbẹ̀_Ìdànrè:
Fi abẹ́rẹ́ gún un. Bí oje funfun bá tú jáde, oró ni. Bí omi lásán bá jáde, kákítọ́ọ̀sì ni. Ó parí.

MàámiEléwé:
Àgbẹ̀, ẹ rọra o! Ohun tí wọ́n fi owó rà lẹ ní kí wọ́n máa gún lábẹ́rẹ́. Àbúrò, má gún un.

Lójú tèmi, Euphorbia obesa ni. Gúúsù Áfíríkà ló ti wá, ní agbègbè Karoo. Òun náà rí roboto, kò lẹ́gùn-ún, ìhà mẹ́jọ ló sì sábà máa ń ní. Ẹbí oró ni lóòótọ́, oje funfun rẹ̀ sì máa ń ta ojú àti ara. Bọ̀dá ibi iṣẹ́ yín kò sọ̀rọ̀ òfo.

Tísà_Báólójì:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí ohun tí mo fi ń jẹun nìyí.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ Àgbẹ̀ dára dé àyè kan. Àmọ́ àwọn Mammillaria kan wà, kákítọ́ọ̀sì pọ́ńbélé ni wọ́n, oje funfun ló sì ń jáde lára wọn. Ẹni tó bá fi oje nìkan dájọ́ yóò sọ wọ́n di oró. Ẹ̀gún pẹ̀lú kò ṣe é gbọ́kàn lé. Oró tó ní ẹ̀gún pọ̀ lọ bíi rẹrẹ, kákítọ́ọ̀sì tí kò sì ní rèé níwájú wa.

Ohun tó ń sọ ewéko di kákítọ́ọ̀sì ni areole. Ojú kékeré kan ni lára igi rẹ̀ tó máa ń hu òwú. Bí ẹ̀gún bá máa yọ, ibẹ̀ ló ti ń yọ; bí òdòdó bá máa jáde, ibẹ̀ náà ni. Nínú gbogbo ewéko tó wà láyé, ẹbí kákítọ́ọ̀sì, ìyẹn Cactaceae, nìkan ló ní irú ojú yẹn.

Ó yá, ẹ fẹ àwòrán kejì dáadáa. Ẹ wo àárín gbùngbùn ìhà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó rí òwú roboto, aláwọ̀ eérú díẹ̀, tí wọ́n tò tẹ̀ léra láti orí dé ìdí. Èyí tó wà nítòsí orí ṣì funfun, ó sì kún. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ti gbó, ó ti fẹ́ máa já. Àwọn ni areole. Àmì wẹ́wẹ́ tó fọ́n ká sí gbogbo ara yàtọ̀ sí wọn. Ìdì irun tín-ín-tìn-ìn-tín nìyẹn, kì í wú, ó lẹ̀ mọ́ ara ni.

Obesa tí Màámi sọ kò ní òwú, kò ní àmì funfun. Kókó kéékèèké ló máa ń tò lórí etí ìhà tirẹ̀, ìlà àwọ̀ àlùkò sì máa ń gba ìbú ara rẹ̀ kọjá. Ó jọ eléyìí débi pé àwọn tó ń tà á pàápàá ń ṣì wọ́n mú, ṣùgbọ́n eléyìí ní areole. Astrophytum asterias ni.

Ti Dubai yẹn, ẹ bá mi kí ẹni tó tà á. Kákítọ́ọ̀sì kankan kì í dá hù ní aginjù Arébíà. Ilé eléyìí ni ìpínlẹ̀ Tamaulipas àti Nuevo León ní Mẹ́síkò, àti ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo tó gbajúmọ̀ fún un ní Texas, ìyẹn Starr County, ní ìsàlẹ̀ odò Rio Grande.

Ọmọ_Ìjàpọ̀:
Háà! Mo ti fẹ̀ ẹ́ wò, mo rí òwú yẹn kedere. Ẹ ṣeun púpọ̀, sà. Ṣé ó máa ń dàgbà ju báyìí lọ?

Tísà_Báólójì:
Díẹ̀ ni. Èyí tó ti gbó dáadáa lè fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, gíga rẹ̀ kì í sì í sábà kọjá 6. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní ilé rẹ̀, gbòǹgbò àárín rẹ̀ a súnkì, a sì fà á wọlẹ̀. Ó lè bá erùpẹ̀ dọ́gba, kí iyẹ̀pẹ̀ sì bò ó lójú. Èèyàn lè dúró lórí rẹ̀ kó máa wá a kiri. Bí òjò bá rọ̀, a mu omi yó, a sì tún yọrí.

Akẹ́kọ̀ọ́_FUTA:
Ẹ kú ìmọ̀, sà. Mo rí i níbì kan pé orúkọ rẹ̀ àtijọ́ ni Echinocactus asterias. Kí ló dé tí wọ́n fi yí i?

Tísà_Báólójì:
Ìbéèrè gidi. Karwinski, ẹnì kan tó ń kó ewéko jọ, ló kó o ní Mẹ́síkò ní 1843. Zuccarini, onímọ̀ ewéko kan ní Munich ní ilẹ̀ Jámánì, ló kọ àpèjúwe rẹ̀ jáde ní 1845, tó sì fi sínú ìran Echinocactus. Láyé ìgbà yẹn, kákítọ́ọ̀sì tó bá ti rí roboto, inú Echinocactus ni wọ́n ń jù ú sí, wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò púpọ̀.

Ẹ sì wò ó, Lemaire, ará Faransé, ti dá ìran Astrophytum sílẹ̀ láti 1839 nítorí ọmọ ìyá rẹ̀ kan, Astrophytum myriostigma, tó ní àmì funfun bẹ́ẹ̀ lára. Àfi ìgbà tó di 1868 kí Lemaire tó wá gbé asterias náà síbẹ̀. Igbó sì ti gbàgbé rẹ̀ tipẹ́, torí ó di 1923 kí Frič, ará Czech kan tó ń ṣọdẹ kákítọ́ọ̀sì kiri, tó tún rí i.

OǹdóLókè:
Ẹ má bínú o, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Ṣé orí tábìlì ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń pín ewéko bíi ogún? Lónìí ó wà nílé Lágbájá, lọ́la wọ́n á ní ilé Tàmẹ̀dò ni. Ta ló fún wọn láṣẹ?

Tísà_Báólójì:
Ha ha, ẹ̀gbọ́n, ẹ kò jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ kí n fi ti wa ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ̀yà kan ni ẹnì kan. Ìran ni àwọn ọmọ baba kan. Ẹbí ni gbogbo wọn pátá. Ohun tí oyinbo ń pè ní order, ẹ jẹ́ ká pè é ní agboolé. Bí àlejò bá wọ agboolé, tó ní ọmọ ibẹ̀ lòun, ẹ kò ní fi ojú wò ó pé imú rẹ̀ jọ ti yín kí ẹ sì fún un nílẹ̀. Ẹ máa bi í ní oríkì, ẹ máa bi í pé ta ló bí baba rẹ̀.

Oríkì ewéko wà nínú òdòdó, nínú èso àti nínú kóró rẹ̀, torí ìwọ̀nyí kì í tètè yí padà. Ara lè yí. Oòrùn aginjù ń sọ ewéko tí kò bá ara wọn tan di roboto, nítorí ohun tó rí roboto ló ń tọ́jú omi jù, òun sì ni oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ara rẹ̀ lá. Bí obesa ti Gúúsù Áfíríkà àti asterias ti Mẹ́síkò ṣe wá jọra nìyẹn, òkun odindi sì wà láàárín wọn.

Àpẹẹrẹ tó dùn jù lọ rèé. Ní 2001 wọ́n rí ewéko kan ní Nuevo León tó dà bí ìka ọwọ́ tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n gbá jọ sídìí kan. Kò rí roboto rárá. Àwọn tó kọ àpèjúwe rẹ̀ ní 2002 dá ìran tuntun sílẹ̀ fún un, Digitostigma caput-medusae. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Hunt, onímọ̀ kákítọ́ọ̀sì kan, ní rárá, ọmọ Astrophytum ni. Ẹ wo òdòdó rẹ̀: òdòdó yẹ́lò tó pupa ní ọ̀fun, bíi ti eléyìí. Ẹ wo kóró rẹ̀: ó tóbi, ó ń dán, ẹnu rẹ̀ là gbàràmù, ó sì ń léfòó. Ẹ wo àmì funfun ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti gbà fún un. Àyẹ̀wò DNA tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà sì gbè é lẹ́sẹ̀.

OǹdóLókè:
Ó ti yé mi wàyí. Ṣé òun náà wà nínú agboolé oró? Torí ìyá àgbà wa gbin oró yí ọgbà ká nígbà kan, àwa ọmọdé kì í sún mọ́ ọn.

Tísà_Báólójì:
Ó tì o. Agboolé wọn jìnnà síra. Oró àti obesa, ẹbí Euphorbiaceae ni wọ́n. Ìyẹn ẹbí ẹ̀gẹ́, ẹbí rọ́bà, ẹbí làpálàpà, ẹbí lárà. Ẹ wo èso lárà nígbà tó bá gbẹ: iyàrá mẹ́ta ló ní, a sì bẹ́, a ta kóró rẹ̀ dànù. Ẹ wo èso obesa, iyàrá mẹ́ta, a bẹ́. Ẹ ṣẹ́ ẹ̀ka ẹ̀gẹ́ tútù, ẹ rí oje.

Kákítọ́ọ̀sì, ní tirẹ̀, agboolé Caryophyllales ló wà. Ẹ fẹ́ mọ àwọn tó ń bá gbé ibẹ̀? Tẹ̀tẹ̀. Ṣọkọ. Pápásan. Èyí tó wá sún mọ́ ọn jù ni pápásan àti gbúre.

MàámiEléwé:
Gbúre wo? 😳 Gbúre tí mo rà ní Ọjà Ọba láàárọ̀ yìí?

Tísà_Báólójì:
Òun gan-an, mà. Talinum. Nínú gbogbo ohun tí ẹ ń sè nílé, òun àti pápásan ni ìbátan tí kákítọ́ọ̀sì ní tó súnmọ́ jù. Bí ẹ bá fọwọ́ ṣẹ́ ewé gbúre, ẹ ó rí bó ṣe nípọn, tó kún fún omi. Àwọ̀ pupa tó wà lára òdòdó kákítọ́ọ̀sì, irú èyí tó ń pọ́n tẹ̀tẹ̀ pupa ni. Kẹ́míkà rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí èyí tó ń pọ́n ewé ìṣápá. Agboolé yẹn nìkan ló ń ṣe é láàárín àwọn ewéko olódòdó.

Ìyókù tún dùn. Ewéko tó pọ̀ jù máa ń ṣí ihò tín-ín-tìn-ìn-tín ara wọn lọ́sàn-án láti fa afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù sínú, omi wọn a sì máa gba ibẹ̀ jáde. Òru ni kákítọ́ọ̀sì ń ṣí tirẹ̀. A fa afẹ́fẹ́ náà wọlé nígbà tí ilẹ̀ bá tutù, a sọ ọ́ di ásíìdì, a tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Tílẹ̀ bá mọ́, a ti ilẹ̀kùn pa, a sì máa fi ohun tó kó pamọ́ ṣe oúnjẹ. Gbúre, nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kì í da ara rẹ̀ láàmú, a máa ṣe bíi ewé yòókù. Ẹ jẹ́ kí omi wọ́n ọn, a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi kákítọ́ọ̀sì lóru. Àwọn onímọ̀ ń fi gbúre kọ́ bí ọgbọ́n aginjù yẹn ṣe ń bẹ̀rẹ̀.

MàámiEléwé:
Olúwa ṣeun. Ẹ̀fọ́ òní máa gba ọ̀wọ̀ tirẹ̀.

Àgbẹ̀_Ìdànrè:
Tísà, àwọn koríko líle tó ń hù lójú àpáta wa ní Òkè Ìdànrè ńkọ́? Bí ọyẹ́ bá mú, wọ́n á gbẹ bí ẹni tó ti kú, òjò àkọ́kọ́ báyìí, wọ́n ti tutù yọ̀yọ̀. Ṣé kákítọ́ọ̀sì kọ́ nìyẹn?

Tísà_Báólójì:
Rárá, sà. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ ń rí ni Afrotrilepis pilosa, ẹbí dáńdá ni. Ọgbọ́n tirẹ̀ yàtọ̀. Kákítọ́ọ̀sì ń tọ́jú omi kó má baà gbẹ. Eléyìí ń gbà kí òun gbẹ tán pátápátá, tí yóò sì tún jí. Ó tọ́ kí wọ́n ya okùn àlàyé sọ́tọ̀ fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́_FUTA:
Ṣé kò wá sí kákítọ́ọ̀sì kankan tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà ni?

Tísà_Báólójì:
Ọ̀kan ṣoṣo ni, Rhipsalis baccifera. Nínú ẹ̀yà tó lé ní 1,500 nínú ẹbí yìí, òun nìkan ló ń dá hù lẹ́yìn odi ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ilẹ̀ olóoru Áfíríkà, Madagáskà títí dé Sri Lanka. Inú igbó ló ń gbé, lórí ẹ̀ka igi, a sì so rọ̀ bíi okùn. Ẹni tó bá rí i á ní àfòmọ́ ni, èso funfun rẹ̀ náà sì ń lẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í fa oje igi mu bíi àfòmọ́, ó kàn gun orí rẹ̀ ni. Bó ṣe gba òkun kọjá, àwọn kan ní ẹyẹ ló gbé kóró rẹ̀, àwọn kan ní ọkọ̀ ojú omi ni. Wọ́n ṣì ń jà á. Èmi fara mọ́ ti ẹyẹ.

Ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ tí ẹ ń rí nínú ọgbà àwọn èèyàn, Opuntia, àlejò ni. Ọwọ́ èèyàn ló gbé e dé.

Ọmọ_Ìjàpọ̀:
Mo ń gbádùn ẹ̀kọ́ yìí o, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣé orí tẹlifíṣọ̀n náà ni kó wà? Ó wà nínú ife sẹ̀rámíìkì tí kò ní ihò nídìí, erùpẹ̀ dúdú ló sì wà nínú rẹ̀.

MàámiEléwé:
Hẹ̀n-ẹ́n, ibi tí mo ti lẹ́nu ọ̀rọ̀ dé wàyí. Gbé e kúrò níbẹ̀ lónìí! Orí tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn fún un. Ife aláìníhò yẹn gan-an ni yóò pa á, kì í ṣe àìmomi.

Wá ìkòkò amọ̀ kékeré tó ní ihò nídìí, kó jìn díẹ̀ torí gbòǹgbò rẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀. Erùpẹ̀ dúdú yẹn, dà á nù. Wá iyanrìn odò tó rí gàràgàrà, kì í ṣe ti birikilà tó kúnná, àti òkúta wẹ́wẹ́ tí àwọn tó ń fọ́ òkúta máa ń sẹ́ kù. Fọ̀ wọ́n títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kó jẹ́ òkúta àti iyanrìn, ìyókù ilẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa. Nígbà tí o bá yọ ọ́, wo gbòǹgbò rẹ̀. Èyí tó bá ti dúdú tó sì rọ̀, gé e kúrò pẹ̀lú ọ̀bẹ tó mọ́, gbé e síbi afẹ́fẹ́ títí ojú egbò yóò fi gbẹ, kí o tó gbìn ín. Lẹ́yìn tí o bá gbìn ín, má bomi sí i lójú ẹsẹ̀. Jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ kan.

Ìṣòro Àkúrẹ́ ni òjò. Ibi tó ti wá ń rí òjò bíi mílímítà 500 lọ́dún. Tiwa lé ní 1,300. Nítorí náà, abẹ́ páánù ni, kì í ṣe ìta gbangba. Fáráńdà tó kọjú sí ìlà oòrùn ló dára jù. Kí oòrùn àárọ̀ rí i, kí ti ọ̀sán gangan má rí i tààrà.

Àgbẹ̀_Ìdànrè:
Kákítọ́ọ̀sì tó ń sá oòrùn ọ̀sán? Mo gbọ́ tuntun.

Tísà_Báólójì:
Òótọ́ lẹ́nu Màámi. Nínú igbó wọn, abẹ́ igi kéékèèké ló sábà máa ń wà, pàápàá nígbà tó bá ṣì kéré. Bí oòrùn bá pa á jù, ara rẹ̀ a pọ́n bíi ìpẹ́pẹ́ bíríkì.

MàámiEléwé:
Omi: ki ìka rẹ bọ iyanrìn. Bó bá gbẹ dé ìsàlẹ̀, bomi sí i kó ṣàn jáde nídìí, kí o sì fi í sílẹ̀. Ìgbà òjò, afẹ́fẹ́ wa tutù gan-an, ó lè pẹ́ kó tó gbẹ. Má kánjú rárá. Nígbà ọyẹ́ ẹ jẹ́ kó sinmi, a lè rọ̀ díẹ̀, ara a hunjọ, má bẹ̀rù. Ohun tó yẹ kí o bẹ̀rù ni ìdí tó bá di àwọ̀ ilẹ̀ tó sì ń rọ̀ bíi ìṣu jíjẹrà. Tìyẹn bá ti dé orí, ó ti lọ.

OǹdóLókè:
Bó ṣe dùn báyìí, ṣé èmi náà ò lè rà á látòkè òkun kí n máa tà á?

Tísà_Báólójì:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Àfikún Kìíní ìwé àdéhùn CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, ló wà, ibi tí àwọn ohun abẹ̀mí tó wà nínú ewu jù lọ wà, Nàìjíríà sì wà nínú àdéhùn náà. Láti 1993 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ mọ́ àwọn tó fẹ́ parun. Àwọn olè ń hú u tà, àwọn tó sì ń wá peyote, kákítọ́ọ̀sì mìíràn tí kò lẹ́gùn-ún, ní Texas ń ṣì í hú, torí méjèèjì jọ ara wọn. Èyí tí wọ́n fi kóró gbìn lóko ṣe é rà, ó rọrùn ju ti igbó lọ, àmọ́ ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè.

Àwọn ará Jàpáàn ló gbìn ín jù. Wọ́n ti ṣa èyí tí àmì funfun rẹ̀ pọ̀ títí tí ara rẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ẹ́ funfun tán. Super Kabuto ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yà kan náà ni, àṣàyàn ni wọ́n ṣe.

Ọmọ_Ìjàpọ̀:
Mo ti ra ìkòkò amọ̀, mo sì ti rí òkúta wẹ́wẹ́ ní ọ̀nà Ọ̀dà. Gbòǹgbò kan ló ti jẹrà, mo ti gé e. Tísà, ó kù ẹyọ kan: kókó kan ti ń yọ nínú òwú tó wà lórí pátápátá. Ṣé òdòdó ni? Ṣé màá rí kóró gbà?

Tísà_Báólójì:
Òdòdó ni. Nítòsí orí ló máa ń ti jáde, nínú areole tuntun. Ọ̀sán ni yóò là, yóò sì fẹ̀ tó ìdajì ara rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti kóró ni mi ò lè ṣèlérí. Lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀. Ó fẹ́ igi mìíràn, kì í ṣe òdòdó mìíràn lára igi kan náà. Ní ilé wọn, oyin ló ń ṣe é.

MàámiEléwé:
Mo ní méjì lẹ́yìnkùlé ní Ọ̀bà-Ilé, ọ̀kan ti yọ kókó bẹ́ẹ̀ náà. Bí tìrẹ bá là, kọ ọ́ síbí lójú ẹsẹ̀, má dúró dọ̀la o, torí kì í pẹ́ kó tó pa dé. Mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré tí wọ́n fi ń kun ojú dání, tuntun ni o, èyí tí kò sí àtíkè lára rẹ̀.